Olíkóyè Ransome-Kuti: Oníṣègùn Tí Ó Fẹ́ Kí Ilé Ìwòsàn Sún Mọ́ Ìyá Ọmọ

Ìyá tí ó bá ti tọ́ ọmọ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí ikọ́ ṣe máa ń gbilẹ̀ láàrin àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nígbà ọyẹ́, tí eruku bá gba ojú ọ̀run, tí òtútù òwúrọ̀ sì mú ganrín. Inú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ ni òtútù àyà ti máa ń yọ́ wọlé. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti wá sí ojú ìwé yìí. Kì í ṣe ọmọ Ìjọ Elétò, ilé àlùfáà Áńgílíkà ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka àwọn tí ó ro ọ̀rọ̀ ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn dé gbòǹgbò ní ilẹ̀ yìí, kò sí bí a ó ṣe fo orúkọ rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà níbẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1932 ni bàbá náà di ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, tí gbogbo ilé sì kó padà sí Abẹ́òkúta. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí ó fi orin wàásù fún àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní ọdún 1922. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí nínú ilé náà. Dolúpọ̀ ni àkọ́bí, òun sì di nọ́ọ̀sì. Olíkóyè ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Fẹlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí olórin, àti Bẹ́kọ̀ tí òun náà di dókítà.

Ní ti ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀, obìnrin wo ni kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀? Òun ni ó kó àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta jọ, tí ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà, tí wọ́n sì jùmọ̀ kọ owó orí tí ó ń ni wọ́n lára, títí Aláké fi kúrò lórí oyè fún sáà kan ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Olíkóyè ti wà ní Dublin nígbà náà, ní Trinity College, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn láti ọdún 1948. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ilé tí àwọn ìyá alátẹ ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn wọn, tí ìyá rẹ̀ sì ń jókòó tì wọ́n láti gbọ́ ọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìṣègùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun.

Ó ṣe tán ní Dublin ní ọdún 1954, ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn gbogbogbòò ní Èkó, ó sì tún lọ sí London láti kọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní pàtó, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Great Ormond Street. Láti ọdún 1967 ni ó ti ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ó sì di olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé.

Ẹni tí ó bá ti wọ ibi tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ọmọ sí ní ilé ìwòsàn ńlá yóò mọ ohun tí ó ń bá a pàdé lójoojúmọ́. Àrùn àjèjì kọ́ ni ó ń pa àwọn ọmọ. Ìgbẹ́ gbuuru ni, ibà ni, éèyi ni, ikọ́ líle ni, àti òtútù àyà. Oògùn wọn kò wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì lè dènà pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fi máa gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, ètè ọmọ náà ti ń dúdú, ìhà rẹ̀ ti ń wọnú, agbára àtimu ọmú ti tán. Olíkóyè rí i pé bí òun tilẹ̀ kọ́ ọgọ́rùn-ún dókítà sí i, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé kò ní í tìtorí bẹ́ẹ̀ yè. Ohun tí ó gbà á lọ́kàn ni ìrìn tí ìyá rìn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa ìrìn yìí láàrin ara wa, nítorí a mọ̀ ọ́n. Ọmọ wúkọ́ lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá ọkọ yóò ní kí a fi òrí pa á láyà, kí a fi aṣọ òtútù bò ó. Ìyẹn kò burú. Lọ́jọ́ kejì, àgbo ni. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá yóò sáré yà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan nítòsí ọjà Akẹ̀sán tàbí lọ́nà Tákí, wọn yóò bù oògùn fún un láìbojú wo ọmọ rárá. Nígbà mìíràn kápúsù pupa-àti-yẹ́lò ni wọn yóò ní kí ó tú sínú omi fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ oògùn náà kò yẹ ọmọdé, ó máa ń ba eyín wọn jẹ́. Ẹlòmíràn yóò gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà, wọn yóò ní kí ó sùn síbẹ̀. Bàálé ilé wà lóko tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn, owó kò sí lọ́wọ́ ìyá, kò sì lè dá ìpinnu ṣe. Ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ọmọ yóò tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Òtútù àyà kì í sì í fún ọmọ kékeré ní ọjọ́ márùn-ún nígbà gbogbo.

Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra nípa ohun kan nínú èyí. Rírọ ọmọ, bí àwọn ìyá wa àgbà ti máa ń ṣe é, tí a ó dá ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, tí a ó fi ọwọ́ ṣe agbada lẹ́nu rẹ̀, tí a ó sì da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lọ́nà ọ̀fun, léwu púpọ̀ fún ọmọ tí ó ń wúkọ́. Bí ó bá fẹ́ mí nígbà náà, omi yìí yóò gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni adí tí a bá kán sí imú ọmọ. A fẹ́ wo òtútù àyà sàn, a sì fi ọwọ́ ara wa dá kún un. Àwọn dókítà ọmọdé ní Ìbàdàn náà ti kọ̀wé lórí àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù ṣe fún gìrì, pé ó ń mú ọmọ dákú, ó sì ń pa á.

Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni yóò rí gbogbo èyí, tí yóò sì sọ pé àìmọ̀kan ìyá ni ó ń pa ọmọ, ọ̀rọ̀ parí. Olíkóyè kò dúró síbẹ̀. Ó yẹ ọ̀ràn náà wò láti ìdí rẹ̀: ìyá ń lọ sí kẹ́mísì nítorí pé kẹ́mísì wà ní ẹnu ọ̀nà, ó ṣí sílẹ̀ ní alẹ́, kò ní kí ó tò láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò sì jágbe mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn ìjọba jìnnà, oògùn kò sí níbẹ̀, nọ́ọ̀sì a sì máa bú ìyá tí ó pẹ́ dé. Ìlú ńlá ni owó ìlera ń lọ, ìyá tí ó wà ní abúlé ni ọmọ rẹ̀ ń kú. Ètò náà ni ó dojú rú, ojú ètò náà sì ni ó fi ìyókù ayé rẹ̀ tún ṣe.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ronú bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí àwa Elétò mọ ipa tiwa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ọdún 1907 ni Dókítà George Green ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn tí ó di ilé ìwòsàn ńlá tí a mọ̀ títí di òní, tí ó ti di ti Yunifásítì Bowen láti ọdún 2009. Ní Iléṣà, Wesley Guild Hospital jẹ́ ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kí ìjọba tó gbà á. Ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 1956 di 1961, tí ó sì dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe àbójútó rẹ̀ fúnra wọn. Káàdì tí wọ́n fi ń wo bí ọmọ ṣe ń sanra láti oṣù dé oṣù, tí ìyá ń mú lọ sílé, láti ibẹ̀ ni ó ti tàn ká ayé.

Ní Èkó, ní òpópónà Gbaja ní Surulere, Olíkóyè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlera Ọmọdé ṣe irú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí wà lábẹ́ òrùlé kan, kí ìyá má baà wá lọ́jọ́ Ajé fún èyí, kí ó tún wá lọ́jọ́ Ẹtì fún ìyẹn. Ó dà bí ohun kékeré. Ìyá alátẹ tí ọjọ́ kan láìpàtẹ jẹ́ ọjọ́ kan láìjẹun ni yóò mọ̀ pé kò kéré.

Ní ọdún 1985, Ọ̀gágun Ibrahim Babangida pè é láti wá ṣe mínísítà ètò ìlera. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ya wọ ilé Fẹlá ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, tí wọ́n ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé, tí ìyá náà sì kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ìjọba ológun ni ó ju Fẹlá sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1984, inú ẹ̀wọ̀n ni ó sì wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di mínísítà. Ọdún 1986 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Bẹ́kọ̀ náà wà lára àwọn olórí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ó ń bá ìjọba ológun fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dárí jì Olíkóyè pé ó bá ológun jókòó. Èmi kò ní í sọ pé wọn kò ní ìdí. Ṣùgbọ́n ó gbà á, ó sì wà níbẹ̀ títí di ìparí ọdún 1992, kò sì sí mínísítà ìlera tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tí a rántí iṣẹ́ rẹ̀ bí a ti rántí tirẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó mú ìjọba ìbílẹ̀ 52 ní ọdún 1986, ó ní kí wọ́n fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe ètò ìlera alábọ́dé. Ní ọdún 1988 ni orílẹ̀-èdè yìí ní ìlànà ètò ìlera tirẹ̀, tí ó fi ìlera alábọ́dé ṣe ìpìlẹ̀. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1990, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyá tí ó wà ní Áwẹ́ tàbí Ìlọrà kò ní láti dé Ọ̀yọ́, ẹni tí ó wà ní Gàm̀bàrí tàbí Ìrẹsà-Adú kò sì ní láti dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ tó wo àyà ọmọ rẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn dókítà bínú. Wọ́n ní ó ń gbé iṣẹ́ dókítà fún òṣìṣẹ́ ìlera tí kò lọ yunifásítì, wọ́n sì ní ó ń fi àwọn ilé ìwòsàn ńlá sílẹ̀ láti jó rẹ̀yìn. Òótọ́ ni pé àwọn ilé ìwòsàn náà jó rẹ̀yìn ní àkókò SAP, tí owó náírà já wálẹ̀, tí àwọn dókítà wa ń kó lọ sí Saudi. Ṣùgbọ́n ní ti òtútù àyà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó jóòótọ́. Ní àwọn ọdún 1980 yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìgbáyà kankan lè mọ òtútù àyà, bí ó bá sáà ní aago lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ fara balẹ̀, kí ó má sunkún. Ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí o wo ikùn àti àyà rẹ̀, kí o sì ka iye ìgbà tí ó mí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù méjì, tí ó mí tó 60, ó ti yá jù. Láti oṣù méjì títí di kí ó tó pé ọdún kan, 50. Láti ọdún kan sí ìgbà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 40. Ọmọ tí ó ń wúkọ́, tí ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí, oògùn ni ó nílò lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bí ó bá fa èémí, tí kò lè mu ọmú, tí ó ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, tí gìrì mú, tàbí tí ó sùn tí kò ṣe é jí, ilé ìwòsàn ńlá ni, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ọmọ tuntun tí kò tíì pé oṣù méjì kò ní ti kẹ́mísì rárá, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ tààrà.

Ó tún mú àwọn nǹkan mìíràn lọ́wọ́ tí ó kan àyà ọmọ. Ó fọwọ́ sí fífún ọmọ ní ọmú ìyá nìkan ṣoṣo fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Ọmọ tí a bá tọ́ bẹ́ẹ̀ ní agbára láti bá òtútù àyà jà. Ní ọdún 1990 ni òfin jáde tí ó ká àwọn amusìgá lọ́wọ́ kò ní àárín àwùjọ, bẹ́ẹ̀ èéfín sìgá àti èéfín igi ìdáná nínú yàrá tí kò ní fèrèsé jẹ́ ọ̀tá ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Ní ti àjẹsára, iṣẹ́ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kéde ní ọdún 1990 pé nǹkan bí ọmọ 80 nínú 100 ni ó ti gbà á. Éèyi àti ikọ́ líle tí abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ń dènà wà lára ohun tí ó máa ń di òtútù àyà. UNICEF fún un ní ẹ̀bùn Maurice Pate ní ọdún 1990 yẹn.

Lẹ́yìn tí ó kúrò nípò, ó bá Báńkì Àgbáyé ṣiṣẹ́ ní Washington. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá kú. Olíkóyè kó àwọn oníròyìn jọ, ó sì sọ ní gbangba pé àrùn éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ní ọjọ́ wọnnì, kò sí ìdílé olókìkí tí ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ìwà rẹ̀ náà nìyẹn látilẹ̀wá: ohun tí ó ń pa ènìyàn, ẹ pe orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2003 ni ó kú ní London, ní ẹni ọdún 75. Ó fi ìyàwó rẹ̀ Sonia àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ó dunni láti sọ pé ohun tí ó kọ́ ti ń wó kí ó tó lọ. Ní ọdún 2003 yẹn gan-an ni ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí ó ti pé ọdún kan, 13 péré ni ó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìlera tí ìjọba rẹ̀ kọ́ ti di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí, oògùn tán nínú àpótí, òṣìṣẹ́ kò sì sí níbẹ̀ lóru. Àwọn ìyá padà sí kẹ́mísì. Ní ọdún 2019, ọmọ tí òtútù àyà pa ní gbogbo ayé lé ní 700,000, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀fọ̀ náà ti pọ̀ jù.

Síbẹ̀, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti bójú tó ìlera alábọ́dé ṣì wà, ọwọ́ rẹ̀ ni àjẹsára wà títí di òní. Ní ọdún 2012 ni abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà àrùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú márùn-ún yìí sì jẹ́ kòkòrò tí ó máa ń fa òtútù àyà. Láti ìparí ọdún 2014 ni abẹ́rẹ́ ti kòkòrò tí ó burú jù nínú wọn, èyí tí Olíkóyè kò rí kí ó tó lọ, ti dé Nàìjíríà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń gún un fún ọmọ, ní ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Kí ìyá mú káàdì ọmọ lọ́wọ́.